Kí ẹ tó gbé ìgbẹ́ wá sí láàbù

Ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru láti àná kì í kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ wa, kẹ́míìsì ló ń lọ. Wọ́n á po Flagyl pọ̀ mọ́ Tetracycline fún un. Ó di ọjọ́ kẹta tí ara ò yá kó tó gbé ike ìgbẹ́ dé láàbù. Ẹ jọ̀ọ́, kí la fẹ́ rí níbẹ̀ mọ́? Flagyl kì í pa Shigella tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn, ṣùgbọ́n oògùn kejì yẹn lè ti lù ú dákú: kò kú tán nínú ìfun, kò sì lágbára láti hù nínú àwo tí a fi ń gbin kòkòrò ní láàbù. A ó kọ ọ́ pé nǹkan kan ò hù, aláìsàn á sì máa sọ pé láàbù ní kò sí nǹkan tó ṣe òun. Kó tó gbé oògùn àkọ́kọ́ mì ló yẹ kó ti bu ìgbẹ́ náà.

Bíbù ọ̀hún náà lọ́gbọ́n nínú. Ẹ má bù ú látinú ilé ìgbẹ́ olómi, torí Izal àti Hypo ibẹ̀ ń pa kòkòrò. Ẹ kọ́kọ́ tọ̀ síbòmíràn, kí ẹ wá tẹ́ ọ̀rá sínú póò. Ìyá kan gbé odindi Pampers ọmọ rẹ̀ wá bá mi rí. Pampers ti fa omi inú ìgbẹ́ mu tán, àbàwọ́n nìkan ló kù. Ká ní ó tẹ́ ọ̀rá sínú rẹ̀ ni, à bá rí nǹkan bù. Àwọn mìíràn a sì máa tijú, wọ́n á ṣa ibi tó mọ́ fún wa, bẹ́ẹ̀ ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà, tó ń yọ̀ bí ikun imú, gan-an la ń wá.

Ìgbẹ́ tí wọ́n bù láàárọ̀, tó jókòó sínú báàgì di ọ̀sán, ti ń kan, Shigella ò sì lè fara da kíkan. Láti ìgbà tí ẹ bù ú títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, kó má ju wákàtí 2 lọ. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìgò Cary-Blair, kòkòrò á lè wà láàyè nínú rẹ̀ títí yóò fi dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò fún aláìsàn náà ńkọ́? Bí ẹ bá fura sí onígbáméjì, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, torí kì í ṣe ojoojúmọ́ là ń lo TCBS, àwo tí kòkòrò onígbáméjì ti ń hù ní àwọ̀ yẹ́lò. Widal tí ẹ máa ń kọ yẹn, ẹ̀jẹ̀ ló ń yẹ̀ wò nítorí ibà jẹ̀funjẹ̀fun, kò mọ ohun tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru.

Ọmọ tó yàgbẹ́ olómi fún ọjọ́ kan, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, tí ara rẹ̀ ò gbóná, ORS àti zinc ló nílò, kì í ṣe àwa.

Èsì wa máa ń gbà tó ọjọ́ 2 sí 3. Onígbáméjì lè pa èèyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá ti ń tú jáde bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ẹ gbé ike jù sílẹ̀, kí ẹ máa mu ORS lọ sí ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti bù ú ránṣẹ́ sí wa.