Bí mo ṣe ṣètò abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn fún ìwádìí acupuncture lórí àìróorunsùn

Nínú ìwádìí acupuncture, ìtọ́jú àwọn ará Ṣáínà tí a fi ń gún abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sára, gígún abẹ́rẹ́ kọ́ ló ṣòro. Àìgún tó máa jọ gígún ni iṣẹ́ wà. Ohun tó kàn mí ni pé kí n ṣètò ẹgbẹ́ ẹ̀tàn, àwọn tí a óò ṣe bí ẹni pé a gún, fún ìwádìí lórí àwọn tí kì í róorun sùn, kí n sì kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ débi pé ẹni tí kò ṣe é rí lè gbé ìwé náà kó sì ṣe é láìbi mí léèrè.

Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ pé kí la fẹ́ fi ẹ̀tàn ṣe, kó wo ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Jámánì lórí túúlu, èyí tó jáde ní 2005. Èèyàn 302 ló kópa. Wọ́n ka àwọn tí ọjọ́ ẹ̀fọ́rí wọn dín kù tó ìdajì, ó kéré tán. Nínú ẹgbẹ́ abẹ́rẹ́ gidi, 51% ni. Nínú àwọn tó kàn ń dúró de ìtọ́jú, 15%. Ẹni tó bá fi méjì yìí wéra yóò bọ́ sójú agbo ijó. Àmọ́ ẹgbẹ́ kẹta wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sí ibi tí kì í ṣe ojúkò acupuncture, ìyẹn ibi pàtó tí a máa ń gún lára, rárá: 53%. Ẹgbẹ́ yẹn ló ba ijó jẹ́.

Àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e ni pé abẹ́rẹ́ tó bá ti wọ awọ ara, bó ti wù kó fẹ́rẹ̀ tó, ti ń ta iṣan ìmọ̀lára jí, nítorí náà kì í ṣe òfo. Mo gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan abẹ́rẹ́ tí kì í wọ ara, irú èyí tí Streitberger àti ẹnìkejì rẹ̀ gbé jáde ní 1998. Ẹnu rẹ̀ kú, kò lè gún nǹkan. Ara abẹ́rẹ́ náà ń yọ́ wọ inú èèkù rẹ̀ bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, bíi páìpù àǹténà rédíò àtijọ́ tí a ń tì wọlé. Olùkópa á gbọ́ tó ta díẹ̀, á rí i tó ń kúrú, á gbà pé ó ti wọlé. Òrùka oníke kékeré kan ló ń dì í mú lójú ara, pílásítà ló sì ń di òrùka náà mọ́ awọ.

Òfin àkọ́kọ́ tí mo kọ: òrùka àti pílásítà gbọ́dọ̀ wà ní ẹgbẹ́ méjèèjì. Abẹ́rẹ́ gidi náà á gba inú òrùka kọjá. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní òrùka tí èkejì kò ní, ẹ ti fi àmì sí wọn lára nìyẹn.

Iye ìgbà tí wọn yóò gba ìtọ́jú kò gbà mí lákòókò: ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4, ìgbà 12 lápapọ̀, ìṣẹ́jú 30 nígbà kọ̀ọ̀kan. Irú ìwọ̀n yẹn ni ìwádìí Shanghai tó jáde ní 2017 lò fún èèyàn 72 tí kì í róorun sùn, n kò sì rí ìdí láti yà kúrò níbẹ̀.

Yíyan ojúkò ló gba àkókò. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́jú ló máa ń dárúkọ Baihui (GV20, àmì tí a fi ń dá ojúkò náà mọ̀) fún oorun. Àtàrí ló wà, ní àárín gbùngbùn orí. Mo gbé òrùka síbẹ̀, ó ṣubú. Mo pín irun sọ́tọ̀, pílásítà lẹ̀ mọ́ irun dípò awọ, abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn sì ń mì bí igi inú ìjì. Fífá irun kò ṣe é bẹ olùkópa, ẹni tó sì dirun kò ní tú u nítorí yín. Mo yọ Baihui kúrò pátápátá. Àwọn kan yóò ní mo ṣí adé kúrò lórí ìtọ́jú náà, kò burú. Ibi tí kò bá ṣe é ṣe bákan náà lára ẹgbẹ́ méjèèjì kò gbọdọ̀ sí nínú ìwádìí.

Ohun tó kù ni abẹ́rẹ́ méje: Yintang láàárín irun ìpéǹpéjú méjèèjì, Shenmen (HT7) lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì, Neiguan (PC6) lọ́wọ́ méjèèjì, àti Sanyinjiao (SP6) lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ìwọ̀n tí a fi ń wá wọn ń jẹ́ cun. Àtàǹpàkò olùkópa fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe ti oníṣègùn: fífẹ̀ àtàǹpàkò náà lójú oríkèé jẹ́ cun 1, ìka mẹ́rin yòókù tó bá pa pọ̀ jẹ́ cun 3. Àṣìṣe tí mo rí jù lọ nìyí, kí oníṣègùn tí ìka rẹ̀ kéré máa fi wọn ẹsẹ̀ ẹni tó ga, kí SP6 wá bọ́ sísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ. SP6 wà ní cun 3 lókè ṣóńṣó kókó ọrùn ẹsẹ̀ ti inú, lẹ́yìn etí egungun ojúgun gan-an. A kì í gún un fún aboyún, nítorí náà àyẹ̀wò oyún wọ inú àwọn ohun tí a fi ń yẹ olùkópa wò. HT7 wà lórí ilà tó pín àtẹ́lẹwọ́ àti apá níyà, níhà ìka tó kéré jù, ní ẹ̀gbẹ́ iṣan líle tó wà níbẹ̀ tó kọjú sí àtàǹpàkò. PC6 wà ní cun 2 lókè ilà yẹn, láàárín iṣan líle méjì. Iṣan ìmọ̀lára ńlá kan gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí olùkópa bá ní iná mọ̀nàmọ́ná ta òun dé ìka, abẹ́rẹ́ ti kàn án. Ẹ fà á sẹ́yìn, ẹ má yí i.

Yintang ní wàhálà tirẹ̀. Awọ ibẹ̀ tín-ín-rín, egungun wà lábẹ́ rẹ̀, a sì máa ń fa awọ pọ̀ kí a tó gún un ní ìdàgẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀. Òrùka kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ dàgẹ̀rẹ̀. Mo fi fóòmù kékeré tó ní gọ́ọ̀mù lábẹ́ rọ́pò òrùka níbẹ̀ nìkan, fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Abẹ́rẹ́ gidi á gba inú fóòmù wọ awọ. Ti ẹ̀tàn á dúró sínú fóòmù, ẹnu rẹ̀ á kan awọ lásán.

Abẹ́rẹ́ tí mo lò fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jẹ́ 0.25 × 40 mm, ti iwájú orí sì jẹ́ 0.20 × 25 mm. Ibi tí ojú ti kọ́kọ́ tì mí nìyí. Mo ti kọ́ àwọn oníṣègùn pé kí wọ́n tẹ abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn títí yóò fi dúró. Ó dára lẹ́sẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ gidi ń wọlé tó 20 sí 25 mm ní SP6. Ṣùgbọ́n ní HT7, abẹ́rẹ́ gidi kì í wọlé ju bíi 6 sí 10 mm lọ. Tí ẹ bá wo ọrùn ọwọ́ ẹni tó gba ti gidi, abẹ́rẹ́ náà dúró gogoro. Ti ẹni tó gba ti ẹ̀tàn kúrú, èèkù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ara. Ẹni tó bá ti rí acupuncture nínú fídíò rí á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo fi kálàmù fa ilà tín-ín-rín sára abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn kọ̀ọ̀kan, ilà kan fún ojúkò kan, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ dé ibẹ̀ kí wọ́n sì dáwọ́ dúró.

Ọrùn ọwọ́ tún ní àléébù mìíràn: ó rí róbótó ní ìbú, òrùka kì í jókòó dáadáa lórí rẹ̀, tí olùkópa bá sì mi ìka, abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn á ṣubú. Táwẹ́ẹ̀lì kékeré tí a ká, tí a fi sábẹ́ ọrùn ọwọ́, pẹ̀lú ìka tó ká díẹ̀ fúnra rẹ̀, ló yanjú rẹ̀. Kí sípírítì gbẹ tán kí ẹ tó lẹ pílásítà. Awọ tó tutù kì í di pílásítà mú, sípírítì tó bá sì gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé máa ń ta, ìyẹn ẹgbẹ́ gidi nìkan ló máa mọ̀ ọ́n lára.

Yíyí abẹ́rẹ́: ní ìṣẹ́jú 10 àti 20, ìṣẹ́jú àáyá 15 fún ojúkò kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹgbẹ́ gidi, ohun tí a ń wá ni deqi, ìwúwo tàbí ìkú-tìpìrì tó ń tàn ká ibẹ̀. Mo fòfin de fífà á sókè àti títì í sísàlẹ̀ fún ẹgbẹ́ méjèèjì, nítorí tí ẹ bá fa ti ẹ̀tàn sókè, ara rẹ̀ á yọ jáde nínú èèkù, á fi awọ sílẹ̀, ẹ̀tàn ti tú nìyẹn.

Oníṣègùn mọ ẹgbẹ́ tí olùkópa wà. Kò sí bí a ṣe lè fi pamọ́ fún un pẹ̀lú irú abẹ́rẹ́ yìí, nítorí náà ẹnu rẹ̀ la so. Gbólóhùn tó lè sọ wà lórí káàdì: “Ẹ lè mọ̀ ọ́n lára pé ibẹ̀ wúwo, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Méjèèjì dára.” Kò gbọdọ̀ béèrè bí wọ́n ṣe sùn, ẹlòmíì tí kò mọ ẹgbẹ́ ló ń béèrè ìyẹn. Ìwé ìfọwọ́sí sì sọ ọ́ gbangba pé oríṣi abẹ́rẹ́ méjì ló wà, àti pé ọ̀kan kì í wọ ara. Ẹ̀tàn tí a ti sọ fúnni pé ó lè ṣẹlẹ̀ kò yí padà di irọ́. Kèké tí a fi pín wọn wà nínú àpòòwé tí iná kò lè là kọjá, tó ní nọ́ńbà, tí a lẹ̀ pa. Ìgbà tí olùkópa bá ti dùbúlẹ̀ la ń ṣí i. Ẹni tó ti gba acupuncture rí kò wọlé, ara rẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀.

Yíyọ abẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà máa ń gbàgbé. Abẹ́rẹ́ gidi lè mú ẹ̀jẹ̀ kán díẹ̀. Nítorí náà ẹ fi òwú tẹ gbogbo ojúkò fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ní ẹgbẹ́ méjèèjì, kí òwú náà sì bọ́ sínú bíńnì láìkọjá lójú olùkópa. Ẹ ka abẹ́rẹ́ nígbà tó ń wọlé, ẹ kà á nígbà tó ń jáde: méje, méje.

Láti mọ̀ bóyá ẹ̀tàn dúró, mo ní kí wọ́n bi olùkópa ní òpin ọ̀sẹ̀ kìíní pé èwo ló rò pé òun ń gbà. Tí ẹ bá dúró di òpin ìwádìí, ẹni tó ti ń sùn dáadáa á ní ti gidi ni, ẹni tí kò sùn á ní ti ẹ̀tàn ni. Oorun wọn lẹ ń wọ̀n nígbà náà. Ìwọ̀n Bang (2004) ni mo fi ṣírò rẹ̀: iye àwọn tó mọ̀ ọ́n, ẹ yọ iye àwọn tó ṣì í, kí ẹ fi gbogbo wọn pín in. Ká ní nínú èèyàn 30 ẹgbẹ́ ẹ̀tàn, 9 ní ti ẹ̀tàn ni, 15 ní ti gidi ni, 6 ní àwọn kò mọ̀: 9 − 15 jẹ́ −6, pín in sí 30, ó di −0.2. Òdo túmọ̀ sí pé wọ́n kàn ń méfò. 1 túmọ̀ sí pé gbogbo wọn ti mọ̀.

Ní ti òdiwọ̀n oorun, ISI, ìwé ìbéèrè tó ń wọn bí àìróorunsùn ṣe le tó, ni mo fi ṣe pàtàkì: ìbéèrè 7, máàkì 0 sí 28, ẹni tó bá ní 15 sókè ló wọlé. Ó ń béèrè nípa ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá. PSQI, ìwé ìbéèrè mìíràn lórí bí oorun ṣe dára tó, ń béèrè nípa oṣù kan gbáko, nítorí náà tí ẹ bá fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìdajì ìdáhùn wọn á jẹ́ ti ìgbà tí ìtọ́jú kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nìkan ni mo fi í sí.

PSQI yìí kan náà ló ní kòtò tó gbé mi mì. Ó ń fi wákàtí tí èèyàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì pín wákàtí oorun: 85% sókè gba máàkì 0, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di ìsàlẹ̀ 65% tó gba 3. Olùkópa kọ pé òun ń wọ bẹ́ẹ̀dì ní “12”, òun ń jí ní “6”, òun ń sùn wákàtí 5 àti ààbọ̀. Wákàtí 6 lórí bẹ́ẹ̀dì, ó lé ní 91%, máàkì 0. Excel ka 12 sí ọ̀sán: wákàtí 18, kò tó 31%, máàkì 3. Ẹni tó ń sùn dáadáa di aláìsàn lórí ìwé. Mo yí fọ́ọ̀mù padà sí aago oní wákàtí 24, mo sì ní kí kọ̀ǹpútà pariwo bí wákàtí orí bẹ́ẹ̀dì bá ju 12 lọ tàbí bí ìdáhùn bá ju 100% lọ. Èyí tó ju 100% máa ń wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ro oorun ọ̀sán mọ́ ti òru. Aago ọwọ́ tó ń ka ìmira wà pẹ̀lú, àmọ́ ó máa ń ka ẹni tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ láìsùn mọ́ ẹni tó sùn, ìwé àkọsílẹ̀ oorun ojoojúmọ́ la fi ń bá a wí.

Àkọsílẹ̀ ìkẹyìn tẹ̀ lé STRICTA ti 2010, àtòjọ ohun tí ìròyìn ìwádìí acupuncture gbọ́dọ̀ sọ, tó ní orí 6 àti ìpín 17. Apá abẹ́rẹ́ nìkan béèrè ohun méje: iye, ojúkò, jíjìn, ìmọ̀lára tí a ń wá, ìyí, ìṣẹ́jú, irú abẹ́rẹ́. Mo kọ ti ẹ̀tàn náà ní kíkún bíi ti gidi, pẹ̀lú fọ́tò ọwọ́ kan tó ní abẹ́rẹ́ gidi àti ọ̀kan tó ní ti ẹ̀tàn láìkọ èwo ni èwo sábẹ́ wọn.

Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn jẹ́ fún ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ṣubú láàárín ìtọ́jú. Ẹ má ṣe gbé e padà síbẹ̀ lójú olùkópa. Ẹ mú un kúrò, ẹ fi òwú tẹ ibẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ lè wà, ẹ ní “ọ̀kan ti yọ, kò sí ewu,” kí ẹ kọ ojúkò náà àti ìṣẹ́jú tó ṣubú sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí mẹ́fà yòókù pé ìṣẹ́jú 30 wọn.