Ẹ̀yin tó ń bọ̀ wá ka mástà l'Ájàṣẹ́, ẹ gbọ́

Ohun tó máa ń tan ẹ̀yin ará Nàìjíríà tó ń bọ̀ wá ka mástà tàbí PhD lọ́dọ̀ wa níbí, l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, ni pé ẹ bá Yorùbá lẹ́nu wa. Ẹ dé ọjà Ouando, ìyá aláta bá yín sọ Yorùbá, ẹ wá rò pé ilé lẹ ṣì wà, ó dìgbà tí prọ̀fẹ́sọ̀ bá la ẹnu ní kíláàsì, Faransé látòkè délẹ̀.

Torí náà ẹ ti bẹ̀rẹ̀ Faransé kí ẹ tó kúrò nílé. Tó bá jẹ́ IMSP, ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì tó wà ní Dangbo, lẹ ń lọ, ẹ máa bá àlejò bíi tiyín níbẹ̀, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ẹ má kóra yín jọ kí ẹ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì tàárọ̀ talẹ́ o. Àwọn tó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kétu ní tiwọn á rí Yorùbá sọ nígboro dáadáa.

Máàkì ńkọ́? Orí ogún ni wọ́n ti ń gba máàkì níbí. Tí wọ́n bá fún yín ní 12, ẹ má sunkún, "assez bien" (ó dáa díẹ̀) nìyẹn, 14 ti di "bien" (ó dáa), 16 ni "très bien" (ó dáa gan-an), àmọ́ àwọn prọ̀fẹ́sọ̀ kan wà tó jọ pé ọmọ tí wọn ò tíì bí ni wọ́n ń tọ́jú 16 dè.

Tí ẹ bá wọ ọ́fíìsì, ẹ kọ́kọ́ kí wọn, bonjour madame, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ bá wá, "vous", ìyẹn "ẹ̀yin" ti ọ̀wọ̀, ni kí ẹ sì fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ má lọ lọ́sàn-án gangan, wọ́n á ti lọ jẹun. Òfin ECOWAS fún yín ní 90 ọjọ́ láìgba fisà, tí ẹ bá máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ ẹ tètè lọ ṣe carte de séjour, ìwé ìgbélùú.

Ilé: yàrá kan ṣoṣo ni "entrée-coucher", yàrá àti pálọ̀ ni "chambre-salon", kí ẹ bèèrè bóyá ilé ìwẹ̀ wà nínú ẹ̀.

Ti zémíjan, ìyẹn ọ̀kadà, ẹ ná an kí ẹ tó gùn ún, kí ẹ sì ní owó wẹ́wẹ́ lápò, torí tí ẹ bá na 10.000 séfà sí i, á wo owó, á wò yín, á ní kò sí mọné (ṣéńjì), ẹ̀yin méjèèjì á wá jọ máa wá mọné kiri lọ́wọ́ àwọn tó ń ta epo bẹntiróòlù inú ìgò lẹ́bàá títì.