Bí A Ṣe Gbé Ọ́fíìsì Ẹgbẹ́ Wa Kúrò Lókè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ kékeré kan n'Íbàdàn tó ń ran àwọn òbí tí ọmọ wọn ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde (sickle cell) lọ́wọ́. Àjà kẹta ilé kan ní Ring Road ni ọ́fíìsì wa wà tẹ́lẹ̀. Owó ilé ibẹ̀ kò wọ́n, ₦350,000 lọ́dún. Bí mo bá ní ká kó kúrò, èsì kan náà ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ máa ń fún mi: owó àwọn ọmọ nìyí, kì í ṣe owó ilé.

Lọ́jọ́ kan, mo bá ìyá kan nídìí àtẹ̀gùn. Ó pọn ọmọ ọdún mẹ́fà, ó di irin mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba fọ́ọ̀mù yẹn wá sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ti ń dùn ún láti àná."

Mo lọ mú un wá, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Àárẹ̀, òtútù àti àìmu omi dáadáa wà lára ohun tó ń dá ìrora sílẹ̀ fún ọmọ tó ní àìsàn yìí. Àwa tá a fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ la wá ní kí wọ́n gun àtẹ̀gùn 42.

Mo kó ìwé ìnáwó ọdún kan jáde. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, epo jẹnẹrétọ̀ wa nìkan ti ju owó ilé lọ. Nígbà tí mo fi omi oní-tánkà kún un, gbogbo rẹ̀ lé ní ₦900,000. Nígbà tí mo kà á fún wọn nípàdé, kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn.

A wá ilé sí Yemẹtu, torí pé kò jìnnà sí ilé ìwòsàn UCH àti Adéọ̀yọ́, ibi tí àwọn ìyá yìí ti ń bọ̀. Iyàrá méjì, nísàlẹ̀. ₦600,000 ni ajẹ́ǹtì pè é. Kí kọ́kọ́rọ́ tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, kọmíṣọ́ọ̀nù, àgírímẹ́ǹtì àti owó kọ́ṣọ̀n (tí onílé ń mú dání nítorí ohun tó bá bàjẹ́) ti sọ ọ́ di ₦770,000. Ẹ béèrè gbogbo èyí kí ẹ tó fẹnu kò.

Kànga wà níbẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Mo bẹ bàbá onílé pé ká tún un ṣe, kí wọ́n yọ owó rẹ̀ nínú owó ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí n kò bá sí mọ́, àwọn ọmọ mi ò ní lè jiyàn."

Omi la kọ́kọ́ náwó lé: tánkà, ẹ̀rọ kànga, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn náà ni bẹ́ẹ̀dì kékeré kan àti fáànù méjì. Ẹnìkan fẹ́ fún wa ní ẹ̀rọ amúlétutù, mo ní rárá, nítorí òtútù yẹn kò dáa fún àwọn ọmọ. Iye tí epo ń jẹ lọ́dún kan ààbọ̀ ló lọ sórí sólà. Bátìrì tòkunbọ̀ tá a kọ́kọ́ rà kú láàárín oṣù mẹ́rin, ó sì dùn mí gan-an. Tuntun ni kí ẹ rà.

Tẹ́lẹ̀, a máa ń fi owó ilé pamọ́ nínú ìwé tá a fi ń tọrọ owó, bí ẹni pé abẹ́ igi la ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ owó ilé, iná àti owó oṣù akọ̀wé síbẹ̀ kedere. Àwọn tó ń fún wa lówó béèrè ìdí rẹ̀, mo sọ ti àtẹ̀gùn yẹn fún wọn, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ìyá ọjọ́sí ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló kù báyìí, kẹ̀kẹ́ arọ kò lè gbabẹ̀ wọlé. Káfíńtà ti wá wọ̀n ọ́ ní Sátidé.