Bí Òṣìṣẹ́ Tó Farapa Lẹ́nu Iṣẹ́ Nínú Ilé Rẹ̀ Ṣe Lè Gba Ẹ̀tọ́ Rẹ̀ ní Nàìjíríà

Ní nǹkan bí aago 10 òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, iná mànàmáná lọ lójijì ní ilé àbúrò mi obìnrin ní Ìbàdàn. Ó ń bá oníbàárà ilé-iṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Bó ti dìde kíá láti lọ fi wáyà kọ̀ǹpútà náà sí ara inverter kí ọ̀rọ̀ náà má baà já, wáyà kan tó na gbalaja láàárín yàrá kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì gbalẹ̀ lórí táìlì. Eegun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tó pe ọ̀gá rẹ̀, ohun tí ọ̀gá náà sọ ni pé, "Ṣebí inú ilé rẹ lo ti ṣubú, kí ló kan ilé-iṣẹ́ níbẹ̀?" Àbúrò mi gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kó tó sọ fún mi, ohun tó sì mú mi kọ àlàyé yìí nìyẹn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà kò bá òfin mu, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ń mú kí wọ́n fọwọ́ lẹ́rán nígbà tí ọjọ́ tí òfin fún wọn ń lọ.

Òfin tó dá lé ọ̀rọ̀ yìí ni Employees' Compensation Act ti ọdún 2010, òun ló sì rọ́pò òfin àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Workmen's Compensation Act. Àjọ tó ń bójú tó o ni Nigeria Social Insurance Trust Fund, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NSITF. Abala 7 òfin náà sọ ọ́ kedere pé òṣìṣẹ́ tó bá farapa nídìí iṣẹ́ tàbí lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó, ìbáà wà ní ibi iṣẹ́, ìbáà má wà níbẹ̀. Abala 11 tún tan ìmọ́lẹ̀ sí i: bí ìfarapa bá ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọgbà ilé-iṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó fún un bí irú òwò tí agbanisíṣẹ́ ń ṣe bá kọjá inú ọgbà náà, tàbí bí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí a ń ṣe nínú àti lóde, tàbí bí agbanisíṣẹ́ bá ti fún un láṣẹ tàbí ìyọ̀ǹda láti ṣiṣẹ́ níta. Ọ̀nà kẹta yìí, ti ìyọ̀ǹda, ni ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé yóò gbà wọlé. Àwọn ènìyàn ń pe owó náà ní owó gbà-má-bínú, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀; ẹ̀tọ́ ni, agbanisíṣẹ́ ló sì ti ń dá owó rẹ̀ sílẹ̀ lóṣooṣù.

Ẹ má ṣe rò pé òṣìṣẹ́ ńlá nìkan ni òfin náà mọ̀. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà àti ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu gbà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ àti ẹni tó ń ṣe é fún wákàtí díẹ̀, ọmọṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, gbogbo wọn ló wà lábẹ́ rẹ̀, yálà lọ́dọ̀ ìjọba tàbí lọ́dọ̀ aládàáni. Ẹni tí kò sí lábẹ́ rẹ̀ ni ẹni tó ń gba iṣẹ́ kọngílá fún ara rẹ̀, tó ń ṣe tòní fún Táyé, tó ń ṣe tọ̀la fún Kẹ́hìndé, tí kò sì ní ọ̀gá kankan. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo ìwé tí ẹ fọwọ́ sí, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹnì kan wà tó ń yan wákàtí iṣẹ́ fún yín, tó ń san owó oṣù, tó sì lè dá yín dúró.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti dúró pẹ́ jù lọ ni ohun tí ó yẹ kí ẹ ti ṣe kí ìfarapa kankan tó ṣẹlẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣubú ní ọ́fíìsì, ojú mẹ́wàá á rí i. Bó bá ṣubú nínú yàrá rẹ̀, ògiri ni ẹlẹ́rìí. Ìdí nìyí tí ìwé fi gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí ojú ènìyàn ì bá ṣe. Láti ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà ti lé ọ̀pọ̀ wa wọlé, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá fi sọ pé ká máa ṣiṣẹ́ láti ilé, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ímeèlì kúkúrú sí ọ̀gá yín lónìí. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Gẹ́gẹ́ bí a ti jọ sọ ọ́, èmi yóò máa ṣiṣẹ́ láti ilé mi ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, láti aago 8 òwúrọ̀ títí di aago 5 ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fèsì bí bẹ́ẹ̀ bá ni." Èdè tí ẹ bá fi kọ ọ́ kò ṣe nǹkan, èsì "bẹ́ẹ̀ ni" tí ọ̀gá bá fi ránṣẹ́ padà ni ìyọ̀ǹda tí abala 11 ń béèrè. Ẹ fi àdírẹ́sì ilé tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ sí i, bí ẹ bá sì kó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹ yan ibì kan pàtó fún iṣẹ́ nínú ilé, ì báà ṣe igun yàrá, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ sínú fóònù. Ó dà bí àṣejù, ṣùgbọ́n àwòrán yẹn ni yóò fi hàn pé wáyà tó gbé yín ṣubú jẹ́ wáyà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́.

Bí ìfarapa bá wá ṣẹlẹ̀, ìtọ́jú ló ṣáájú. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kì í ṣe ilé ìṣègùn eegun nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ iye ènìyàn tí àwọn onísègùn eegun wa ti tọ́jú tí wọ́n sì yá. Ohun tí àjọ náà yóò béèrè ni ìwé dókítà. Nígbà tí dókítà bá bi yín pé kí ló ṣẹlẹ̀, ẹ má kàn sọ pé ẹ ṣubú nílé. Ẹ sọ pé iṣẹ́ ni ẹ ń ṣe lọ́wọ́, aago báyìí ni, ohun báyìí ni ẹ fẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ tí dókítà bá kọ sínú fáìlì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ máa ń wúwo ju àlàyé tí ẹ bá ṣe ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà lọ. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi tó agbanisíṣẹ́ létí. Abala 4 fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 péré láti ṣe èyí, ẹ sì lè sọ fún máníjà, alábòójútó tàbí aṣojú agbanisíṣẹ́. Ohun tí òfin fẹ́ kó wà níbẹ̀ kò pọ̀: orúkọ yín, ìgbà àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, irú ìfarapa náà àti ohun tó fà á. Ìpè orí fóònù kì í fi ẹ̀rí sílẹ̀, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó gba àbúrò mi sílẹ̀ ni pé, kó tó kúrò nílẹ̀ níbi tó ṣubú sí, ó ti fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí olórí ikọ̀ wọn lórí WhatsApp: "Mo ṣubú níbi tí mo ti fẹ́ so kọ̀ǹpútà mọ́ iná, ọwọ́ mi ti ń wú, ẹ bá mi gba oníbàárà yẹn." Aago 10:14 wà lára ọ̀rọ̀ náà. A ya àwòrán ojú fóònù náà, a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, a sì fi lẹ́tà gidi tì í lẹ́yìn kí ọjọ́ 14 tó pé. Bí ọjọ́ 14 bá ti kọjá lọ́dọ̀ tiyín, ẹ má sọ̀rètí nù, nítorí pé àjọ náà lè gbójú fo àìpé ìfitónilétí bí ó bá hàn pé agbanisíṣẹ́ ti mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé.

Ojúṣe agbanisíṣẹ́ ló kàn. Abala 5 pàṣẹ pé kó jábọ̀ ìfarapa náà fún NSITF láàárín ọjọ́ 7. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í ṣe é, àwọn mìíràn á sì sọ pé àwọn kò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà, bí ẹni pé àìṣe ojúṣe wọn ló pa ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ rẹ́. Ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ gbé ẹ̀dà ìwé yín lọ sí ọ́fíìsì NSITF tó sún mọ́ yín. Owó tí òfin ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù yín láti fi san án. Bákan náà, bí ọ̀gá bá mú owó díẹ̀ wá pẹ̀lú ìwé tó sọ pé ẹ ti gbà láti má béèrè ohunkóhun mọ́, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin yìí, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ má fọwọ́ sí i rárá.

Fọ́ọ̀mù ìbéèrè owó fúnra rẹ̀ wà lọ́tọ̀; àjọ náà ló ń fúnni, òṣìṣẹ́ tó farapa ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, tàbí àwọn tó gbójú lé e bó bá ti kú. Ẹ ní ọdún 1 láti fi ránṣẹ́. Ohun kan wà tó máa ń dá gbọ́nmi-si-omi-ò-to sílẹ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́. Ẹni tó ṣubú nígbà tó ń fọ aṣọ ọmọ láàárín wákàtí iṣẹ́ kò tíì ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó lọ tan jẹnẹrétọ̀ kí ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì má baà dúró, tí jẹnẹrétọ̀ náà sì jó o lọ́wọ́, ní tèmi, iṣẹ́ ló ń ṣe, nítorí pé láìsí iná kò sí iṣẹ́. Kí ó kọ ìdí tó fi tan án síbẹ̀, kó sì fi àkókò ìpàdé náà hàn. Ẹ̀yìn dídùn tó ń wá díẹ̀díẹ̀ nítorí ìjókòó lórí àga tí kò dára nira jù láti fi hàn, nítorí pé kò ní ọjọ́ kan pàtó. Níbẹ̀, ìwé dókítà tó so àìsàn náà mọ́ irú iṣẹ́ yín ni ohun gbogbo. Òfin náà mọ ìdààmú ọkàn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó wá láti inú ìpinnu agbanisíṣẹ́ bíi dídánidúró tàbí yíyí iṣẹ́ ẹni padà.

Bí wọ́n bá gbà á wọlé, owó ìtọ́jú ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀, owó fún àkókò tí ẹ kò lè ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, àti ìrànlọ́wọ́ láti padà sẹ́nu iṣẹ́ tàbí kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí ìfarapa bá sọ di aláìlè-ṣiṣẹ́ títí ayé, ìdá 90 nínú 100 owó tó ń gbà tẹ́lẹ̀ ni wọn yóò máa san fún un.

Bí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ pe ẹjọ́ lórí rẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àjọ náà. Láti ibẹ̀, ọ̀nà ṣí sí National Industrial Court, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tó ní ẹ̀ka ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Àkúrẹ́. Ẹ kó fáìlì yín dání bí ẹ bá ń lọ: ímeèlì ìyọ̀ǹda, àwòrán igun iṣẹ́ yín, ọ̀rọ̀ orí fóònù tó ní aago lára, ìwé dókítà àti lẹ́tà tí ẹ fi tó agbanisíṣẹ́ létí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ sílé.