Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi lé acetone tí kò ti ara ẹnikẹ́ni wá

Omi lásán ló tú àṣírí mi. Mo bu omi tó mọ́ sínú ìgò kékeré, mo da iyọ̀ sí i bí mo ti ń ṣe fún ìtọ̀, mo gbé e fún GC-MS, ẹ̀rọ tó ń ya àwọn kẹ́míkà sọ́tọ̀ tó sì ń dá wọn mọ̀. Acetone, kẹ́míkà olóòórùn kan, tó yọ níbẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ lọ. Àbí omi náà ń ṣàtọ̀gbẹ ni?

Mo ti yẹ ìtọ̀ èèyàn 40 wò kó tó di ọjọ́ náà, mo sì ti ń yangàn káàkiri láàbù. Acetone gan-an ni mò ń wá: bí insulin kò bá tó, ara kì í rí ṣúgà lò, ọ̀rá ni yóò máa jó, acetone á sì bá èémí àti ìtọ̀ jáde. Gbogbo 40 yẹn ṣòfò. Ìtọ̀ tó ti yọ́, bí mo bá tún gbé e dì, mi ò lè gbà á gbọ́ mọ́. Mo tún padà lọ ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n tọ̀ fún mi!

Mi ò ní sọ bí a ṣe ń gba ìtọ̀ tàbí bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ní -80°C. Ìgò á gbóná dé 60°C, fáíbà, fọ́nrán tín-ín-rín kan, á fa òórùn tó wà lókè ìtọ̀ lọ sínú ẹ̀rọ, ó parí.

Fáíbà ni mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Mo yan án ní 250°C lẹ́ẹ̀mejì, pàbó. Mo ra tuntun, ó wọ́n bí ojú, mo sì ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ kejì nítorí ìkánjú. Mo pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ẹ̀rọ. Ìdọ̀tí siloxane tó ń wá láti ara rọ́bà, tó máa ń hàn ní 207 (ìwọ̀n èérún kẹ́míkà tí ẹ̀rọ ń kà), dínkù, ṣùgbọ́n 43 àti 58 ti acetone kò mira.

Ọjọ́ Sátidé kan, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, acetone sì wálẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí alábàáṣiṣẹ́ mi tó máa ń fi acetone ṣan ife dígí lẹ́bàá tábìlì mi. Mo ti múra ìjà, àfi bí mo ṣe rántí pé èmi náà ń fi í ṣan ìgò mi kó lè tètè gbẹ.

Ní báyìí, inú ààrò 120°C ni ìgò mi ń sùn mọ́jú. Bí ẹ kò bá ní ṣe nǹkan mìíràn, ẹ gbé omi lásán wọ ẹ̀rọ kí ẹ tó fọwọ́ kan ìtọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìyàtọ̀ láàárín ìtọ̀ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ àti ti àwọn tí kò ní ti ń hàn, mo tún ti ń yangàn. 4-heptanone, kẹ́míkà mìíràn tó ń bá ìtọ̀ jáde, nìkan ló ń dà mí láàmú, torí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń mú ike rọ̀ náà lè di òun nínú ara.

Mo lẹ ìwé mọ́ ibi ìfọǹkan: Ẹ MÁ LO ACETONE NÍBÍ. Láàárọ̀ àná, ìgò acetone ni mo bá lábẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu.