Bí a ṣe ń dán awòràwọ̀ wò láìsí màgòmágó

Ẹ má ṣe bi ènìyàn bóyá ohun tí awòràwọ̀, ẹni tó ń fi ìràwọ̀ ìgbà ìbí sọ ìwà ènìyàn, sọ bá òun mu. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ máa gbọ́. Lọ́dún 1948, Bertram Forer, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, pín àpèjúwe ìwà fún akẹ́kọ̀ọ́ 39, ó ní ti oníkálukú ni. Ìwé kan náà ni gbogbo wọn gbà, inú ìwé ìwòràwọ̀ ló sì ti ṣà á jọ, síbẹ̀ ìpíndọ́gba máàkì tí wọ́n fún ìwé náà lórí bó ṣe bá wọn mu lé ní 4 nínú 5.

Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí awòràwọ̀ fúnra rẹ̀ wá olóhun rí. Ẹ gbé máàpù ìràwọ̀ ìbí ẹnì kan, ìyẹn àwòrán bí ojú ọ̀run ṣe rí nígbà tí wọ́n bí i, fún un pẹ̀lú ìwé ìbéèrè ìwà mẹ́ta, kí ó mú èyí tó jẹ́ ti ẹni náà.

Ẹ wá ènìyàn 30 tí aago ìbí wọn wà lákọsílẹ̀. Káàdì ilé ìwòsàn dára. Ìwé ọjọ́ orí tí a búra fún ní kóòtù kò wúlò níbí. Ní ìṣẹ́jú 4, ojú ọ̀run ti yí ní dígírì 1, nítorí náà ẹni tó bá fi wákàtí 2 ṣì í, máàpù ẹlòmíràn ló gbé wá. Ẹ wá 60 mìíràn tí yóò kọ ìwé ìbéèrè nìkan. Ẹ yọ ẹni tó bá mọ àmì ìràwọ̀ rẹ̀ kúrò: ẹni tó ti gbọ́ pé akíkanjú ni àwọn tí àmì wọn jẹ́ Leo lè dáhùn bí akíkanjú.

Ibi tí iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ọjọ́ orí. Pílánẹ́ẹ̀tì Sátọ̀n ń lo bí ọdún 29 kó tó yí oòrùn po, Júpítà bí 12, nítorí náà ẹni tó mọ máàpù kà ti fi ibi tí wọ́n wà mọ ọjọ́ orí ẹni tó ni ín. Bí ìwé kan bá wá ní “àwọn ọmọ mi ti jáde yunifásítì”, kí ni ìràwọ̀ tún fẹ́ ṣe? Kí àwọn mẹ́ta tí ìwé wọn wà papọ̀ jẹ́ ọkùnrin nìkan tàbí obìnrin nìkan, kí ọjọ́ orí wọn má sì fi ju ọdún kan lọ síra.

Ẹ ta dáìsì lúdò: 1 àti 2, ìwé olóhun á wà lókè, 3 àti 4, láàárín, 5 àti 6, nísàlẹ̀. Ẹni tó ta á ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ awòràwọ̀, nítorí ojú ń sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn tí kò mọ nǹkan kan ni kó gbé àpòòwé lọ.

Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kí awòràwọ̀ fọwọ́ sí i pé òun fara mọ́ ìwé ìbéèrè yẹn, kí ó sì kọ iye ìgbà tí òun máa mú ìwé olóhun gan-an sílẹ̀. Àwọn awòràwọ̀ tí Shawn Carlson, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, dán wò, tí èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 1985, ní ó kéré tán, àwọn á mú ìdajì tọ̀nà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n mú tọ̀nà, bí ẹni ń méfò.

Nínú 30, oríire lásán máa ń mú 10 wá. 12 tàbí 13 kì í ṣe nǹkan kan, ẹ má sì fi ènìyàn kún un nítorí pé ó kù díẹ̀. Láti 15 lọ, bí ìgbà 4 péré nínú 100 ni oríire ń dé ibẹ̀. Bó bá débẹ̀, ẹ wá ènìyàn tuntun, kí ẹlòmíràn ta dáìsì, kí ẹ tún un ṣe.