Bí Olùkọ́ Èdè Yorùbá Ṣe Lè Jẹ Àǹfààní Àpérò Ọdọọdún

Ní ọdún 1875, àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run láti ìjọ oríṣiríṣi péjọ sí ìlú Èkó láti fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sì wà lára wọn. Ní ọdún 1974, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ èdè àti olùkọ́ ti jókòó sọ ọ̀rọ̀ náà lọ sọ ọ́ bọ̀ fún ọdún púpọ̀, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò ní ilé-ìwé títí di òní, èyí tí ó sọ “aiye” di “ayé”, tí ó sọ “enia” di “ènìyàn”, tí ó sì sọ “ẹnyin” di “ẹ̀yin”. Gbogbo olùkọ́ tí ó bá mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ láti kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan sára pátákó ni ó ń lo àbájáde ìpàdé tí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń dùn mí bí mo bá rí olùkọ́ tí ó lọ sí àpérò ọdọọdún, tí ó gba báàgì àti ìwé-ẹ̀rí, tí kò sì mú ohunkóhun bọ̀ fún kíláàsì rẹ̀. Àǹfààní tí ó wà níbẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé ìbéèrè tirẹ̀ lọ ni ó máa ń rí i gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo kọ àlàyé yìí fún, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kò tíì lọ sí irú àpérò bẹ́ẹ̀ rí.

Èwo ni kí ẹ lọ?

Ẹgbẹ́ méjì ni ó sún mọ́ iṣẹ́ wa jù. Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè àti Àṣà Yorùbá ni ti àwọn tí wọ́n wà nínú kíláàsì lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ ètò-ẹ̀kọ́, ìdánwò àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ó sì máa ń gba iwájú níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ yunifásítì àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ni wọ́n pọ̀ jù nínú Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Èdè Yorùbá, ìwádìí lórí gírámà, lítíréṣọ̀ àti àṣà ni wọ́n sì máa ń gbé kalẹ̀. Kí olùkọ́ girama má ṣe rò pé ti àwọn onímọ̀ kò kan òun. Àkójọ èdè-ìperí, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé èdè, tí a fi ń kọ́ gírámà lónìí, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn onímọ̀ ni wọ́n jókòó pọ̀ ṣe é. Síbẹ̀, bí owó yín kò bá ká méjèèjì, ọ̀dọ̀ Akọ́mọlédè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, STAN, láti ọdún 1957, púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sì lè wúlò fún àwọn náà.

Ìbéèrè ni ẹrù àkọ́kọ́

Bí àpérò bá ku bí oṣù kan, ẹ kó ìwé àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín jọ, kí ẹ sì fara balẹ̀ kà wọ́n, kì í ṣe láti fún wọn ní máàkì, bí kò ṣe láti wá àṣìṣe tí ó ń padà wá bí ó ti wù kí ẹ tọ́ ọ sí tó. Ẹ lè rí i pé àwọn ọmọ mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ a di “oko”. Ẹ lè rí i pé ọmọ kan ń kọ “aiye” nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì àtijọ́ tí ó wà nílé wọn ṣe kọ ọ́, tàbí pé ó ń kọ “Oshogbo” nítorí pé ohun tí ó ń rí lára pátákó ojú ọ̀nà nìyẹn. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ọwọ́ rẹ̀ ń kọ. Olùkọ́ tí ó bá ti kíyè sí èyí ti ní ìbéèrè gidi lọ́wọ́: báwo ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ń kọ́ ọmọ tí ó ń rí àkọtọ́ méjì lójoojúmọ́?

Ẹ kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé tí ẹ máa gbé lọ, kí ẹ sì rí i pé wọn kò fẹ̀ jù. Bí ẹ bá béèrè pé “Báwo ni a ṣe lè gbé èdè Yorùbá lárugẹ?”, ìwàásù ni ẹ máa gbọ́. Bí ẹ bá béèrè pé “Kí ni ẹ máa ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ JSS1 ní àmì ohùn?”, ẹnì kan yóò mú báírò jáde, yóò sì ya bí òun ṣe ń ṣe é fún yín.

Nípa àṣẹ àti owó, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ẹ tètè kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ sọ ẹni tí yóò bá yín mójú tó kíláàsì, kí ẹ sì ṣe ìlérí pé ẹ ó dá àwọn olùkọ́ yòókù lẹ́kọ̀ọ́ bí ẹ bá dé. Ẹ rán ọ̀gá létí pé TRCN, àjọ tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, ń retí kí olùkọ́ máa kọ́ ẹ̀kọ́ sí i lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó lè tún ìwé-àṣẹ rẹ̀ gbà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn olùṣètò bóyá TRCN ń ka àpérò náà mọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbé iṣẹ́ tiyín kalẹ̀

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ girama gbà pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ka bébà, ìyẹn iṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀ fún àpérò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀jọ̀gbọ́n lè mọ ìtàn àmì ohùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ nínú kíláàsì tí ọgọ́ta ọmọ wà, tí ìwé kíkà kò sì tó mẹ́wàá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè; àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà nílò ohun tí ẹ mọ̀.

Ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ẹ ti dán wò. Fún àpẹẹrẹ, ọ̀pọ̀ wa ni ó ń fi dò-re-mí kọ́ àmì ohùn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún àwọn ọmọ ní àyọkà kúkúrú kan tí kò ní àmì, kí wọ́n fi àmì sí i, kí ẹ sì ka iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ fún wọn ní òmíràn tí kò le ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí ẹ sì tún kà á. Nínú bébà yín, ẹ sọ irú àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́, ohun tí ẹ ṣe, ohun tí ó yí padà àti ibi tí kò ti yọrí sí rere. Apá ìkẹyìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fi pamọ́, bẹ́ẹ̀ òun ni ó máa ń wúlò jù fún ẹlẹgbẹ́ tí ó fẹ́ gbìyànjú ohun kan náà. Ẹ tètè fi àṣamọ̀, ìyẹn àkótán kúkúrú bébà yín, ránṣẹ́, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n dá fún un máa ń pé kí ènìyàn tó mọ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ń múra, ẹ kà á sókè nílé pẹ̀lú aago lọ́wọ́, torí pé alága ìjókòó kì í ní sùúrù fún ẹni tí ó bá kọjá àsìkò.

Èrè rẹ̀ ju ìyìn lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ara rẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà ni ìbéèrè àwọn olùgbọ́ yóò fi ohun tí ojú rẹ̀ kò tó hàn án. Olùkọ́ láti Ìbàdàn yóò sọ pé ìṣòro tòun ni pé àwọn ọmọ òun ń pe “ṣ” bí “s”, wọ́n sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ láti Oǹdó yóò sọ pé “ulé” ni àwọn ọmọ tòun ń mú bọ̀ láti ilé, nígbà tí Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi “u” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kò sí ìwé ètò-ẹ̀kọ́ kan tí ó ṣàlàyé gbogbo èyí tán, ṣùgbọ́n a lè gbọ́ ọ láàárín wákàtí kan ní gbọ̀ngàn kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá ti débẹ̀

Ẹ gba ìwé ètò ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ fàlà sí abẹ́ ìjókòó tí ó bá ìbéèrè yín mu. Bí ẹ bá jẹ́ méjì láti ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, ẹ má ṣe jókòó pọ̀. Kí kálukú lọ sí yàrá ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀ ní alẹ́. Ọ̀rọ̀ olùbánisọ̀rọ̀ pàtàkì ní iyì tirẹ̀, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ní tèmi, àwọn ìjókòó kéékèèké tí olùkọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti ń jiyàn lórí ẹ̀kọ́ kan ni oúnjẹ wà.

Ẹ wá àwọn tí wọ́n máa ń máàkì ìwé ìdánwò WAEC àti NECO. Ẹ má ṣe bi wọ́n léèrè ohun tí yóò jáde lọ́dún yìí, nítorí pé èyí kò tọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí àwọn ọmọ ti ń pàdánù máàkì nínú àròkọ àti nínú ìbéèrè lórí gírámà, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Bí ẹ bá ń kọ́ni ní ìlú ńlá níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kì í ti í sọ Yorùbá nílé, ẹ sún mọ́ àwọn tí wọ́n ń kọ́ èdè wa ní òkè òkun. Àwọn yunifásítì bíi ti Wisconsin àti ti Florida ní Amẹ́ríkà ń kọ́ni ní Yorùbá, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ náà sì ní ẹgbẹ́ tiwọn. Wọ́n ti mọ bí a ṣe ń kọ́ ẹni tí etí rẹ̀ kò tíì mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀, ìṣòro yìí sì ti wà nínú kíláàsì l'Ékòó báyìí.

Ẹ má ṣe kúrò kí wọ́n tó ka ìwé àbájáde ní ọjọ́ ìkẹyìn. Ìwé yìí ni ẹgbẹ́ fi ń bá ìjọba sọ̀rọ̀, àwọn tí wọ́n bá ṣì wà ní ìjókòó ni wọ́n sì ń pinnu ohun tí ó máa wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Túńjí Alausa, kéde pé a ti fagi lé e, ibi àpérò kan lórí èdè àti ètò ẹ̀kọ́ ní Àbújá ni ó sì ti sọ ọ́. Olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ń ká lára, tí ó sì ń kùn ní yàrá olùkọ́ nìkan, kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ̀rí wà tí ó lè gbé dìde: láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù, wọ́n sì jábọ̀ pé àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹ rí i pé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wọ inú ìwé àbájáde.

Lẹ́yìn tí ẹ bá padà

Láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá dé, kí gbogbo rẹ̀ tó di ìgbàgbé, ẹ ka ohun tí ẹ kọ, kí ẹ sì mú ohun kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tí ẹ máa gbìyànjú ní sáà yìí. Ẹni tí ó bá dáwọ́ lé márùn-ún kì í parí ọ̀kan. Ẹ ní kí ọ̀gá fún yín ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ní ìpàdé àwọn olùkọ́, kí ẹ sì kọ́ wọn ní nǹkan kan ní pàtó. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé pàápàá lè rí ohun mú níbẹ̀. Ẹ fi ìwé-ẹ̀rí yín sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú àwọn ìwé TRCN. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí ẹni tí ẹ ti gbọ́ ọgbọ́n tí ẹ ń lò, lórí WhatsApp tàbí ní ọ̀nà mìíràn, kí ẹ sọ fún un bí ó ṣe rí nínú kíláàsì yín, níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ àti níbi tí kò ti ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń dán ohun kan náà wò, tí ẹ sì ń ka iye tí àwọn ọmọ gbà ní ìpínlẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àkójọ yín ti tó bébà kan tí ẹ lè jọ gbé lọ sí àpérò ọdún tí ń bọ̀.